Ìdọ̀tí àti Ìròyìn Lọ́wọ́ Mínísítà Kan: Ẹ̀kọ́ fún Àwa Tí A Wà Lẹ́yìn Odi

  

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbàrá òjò kò lóun ò ní í wólé, onílé ni kò ní í gbà fún un. Ọ̀rọ̀ àgbàrá yìí la fẹ́ bá yín sọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó jìn díẹ̀ la fẹ́ gbà débẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Ireland, láti ọdún 2016 títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, mínísítà kan ṣoṣo ni wọ́n kó ọ̀rọ̀ àyíká àti ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ lé lọ́wọ́. Ireland kì í sì í ṣe àjèjì sí wa pátápátá. Àwọn fadá àti sista tó ti ibẹ̀ wá ló kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ní ilẹ̀ yìí níwèé, àwọn ọmọ wa tó ń gbé ní Dublin náà kò sì kéré.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé, kí ló pa gọ́tà àti tẹlifóònù pọ̀? Àwa náà béèrè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí ilé. Nígbà tí ọba bá fẹ́ kí wọ́n ro ọ̀nà odò tàbí kí wọ́n gbá ọjà, ta ló máa ń rán? Ṣebí akéde ni. Akéde á lu agogo kiri àdúgbò, á ní ọba kí yín, ó ní lọ́la ni kí gbogbo ilé jáde. Bí akéde kò bá jáde, kò sẹ́ni tó máa gbé ọkọ́. Àwọn wolé-wolé ayé àtijọ́ náà ńkọ́? Bí wọ́n ṣe ń yẹ inú àmù omi wò ni wọ́n ń sọ fún onílé ohun tí yóò ṣe. Lọ́dọ̀ àwa Yorùbá, ìmọ́tótó àti ìkéde kì í rìn kí wọ́n má mú ara wọn dání.

Orísun méjì ni ipò mínísítà yìí ní. Orísun kìíní ni ilé ìfìwéránṣẹ́. Nígbà tí àwọn ará Ireland gba ìjọba ara wọn lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1922, J. J. Walsh ni wọ́n fi ṣe olórí ilé ìfìwéránṣẹ́. Ní ọdún 1924, wọ́n sọ ipò náà di ti mínísítà. Walsh yìí ló ní kí wọ́n kun àwọn àpótí lẹ́tà pupa tí Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀, kí wọ́n di aláwọ̀ ewé. Abẹ́ rẹ̀ náà ni rédíò wọn àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní 2RN, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1926. Láàárín ọdún 1973 sí 1977, Conor Cruise O'Brien ló wà nípò náà, ọkùnrin tó ti kọ́kọ́ ṣe gíwá yunifásítì orílẹ̀-èdè Ghana ní Legon. Ní ọdún 1984, wọ́n ya ìfìwéránṣẹ́ àti tẹlifóònù sí iléeṣẹ́ méjì, mínísítà sì di ti ìbánisọ̀rọ̀.

Orísun kejì ni iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ìjọba ìbílẹ̀. Ní ọdún 1977 ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí ti àyíká. Nígbà yẹn, èéfín èédú tí wọ́n ń dá sínú ilé nígbà òtútù ti bo ìlú Dublin. Ní ọdún 1990, Mary Harney, tó jẹ́ mínísítà kékeré níbẹ̀, fi òfin de títa èédú eléèéfín ní Dublin. Àwọn kan pariwo pé òtútù yóò pa tálákà. Kò yẹsẹ̀, ojú ọ̀run Dublin sì mọ́.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rá tún wá ńlẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2002, nígbà tí Noel Dempsey ń ṣe mínísítà àyíká, wọ́n ní ẹni tó bá gba ọ̀rá ní ṣọ́ọ̀bù yóò san sẹ́ǹtì 15 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí òfin yìí tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ṣàlàyé rẹ̀ fún ará ìlú, wọ́n sì ní kí owó ọ̀rá hàn gbangba lórí rìsíìtì. Ẹnì kan tó ń lo nǹkan bí ọ̀rá 328 lọ́dún wá ń lo 21 péré. Ẹ gbọ́ o, ọ̀rá 328 di 21! Ọkùnrin yìí kan náà ni wọ́n tún fi ṣe mínísítà ìbánisọ̀rọ̀ ní ọdún 2004.

Nígbà tó di ọdún 2016, wọ́n pa odò méjèèjì pọ̀. Denis Naughten ló kọ́kọ́ jókòó sórí àga náà. Iṣẹ́ ńlá tó wà níwájú rẹ̀ ni bí íntánẹ́ẹ̀tì tó yára yóò ṣe dé àwọn ilé àti ibi iṣẹ́ tó lé ní 500,000 ní ìgbèríko. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, ó hàn pé ó ti bá ọ̀gá iléeṣẹ́ tó ń wá iṣẹ́ náà jẹun ní ìkọ̀kọ̀. Ló bá kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà sọ pé oúnjẹ yẹn kò yí ètò iṣẹ́ padà, síbẹ̀ ó ti lọ. Oúnjẹ lásán o, ẹ̀yin èèyàn wa! Ní ilẹ̀ tiwa, mélòó nínú àwọn tí wọ́n bá lọ́ràn tó ju oúnjẹ lọ ló fipò sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́?

Richard Bruton ló gba ipò náà, ìgbà tirẹ̀ ni wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì yìí, ní oṣù kọkànlá ọdún 2019. Eamon Ryan ló tẹ̀lé e láti ọdún 2020. Ní oṣù kejì ọdún 2024, abẹ́ Ryan ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ìdógò lórí ike omi àti agolo: sẹ́ǹtì 15 lórí kékeré, sẹ́ǹtì 25 lórí ńlá. Bí o bá dá a padà, wàá gba owó rẹ. Èyí kò lè ya àwa tí a ti dàgbà díẹ̀ lẹ́nu. Ta ni kò rántí pé láyé ìgò, bí o kò bá mú òfìfo dání, o kò lè gbé mínírà kúrò ní ìsọ̀? Ìgò kì í sùn ní gọ́tà nígbà yẹn, nítorí owó ni. Ìgbà tí ike àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà dé ni nǹkan bà jẹ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, àwọn ará Ireland tún ya iṣẹ́ méjèèjì. Àyíká lọ sọ́dọ̀ Darragh O'Brien pẹ̀lú ọ̀rọ̀ iná, ìbánisọ̀rọ̀ sì lọ sọ́dọ̀ mínísítà àṣà àti eré ìdárayá. Nítorí náà, àwa kò sọ pé kí ìjọba wa lọ da orúkọ iléeṣẹ́ rú. Ohun tí a rí fà yọ ni pé òfin àyíká kan kò lè dúró bí ará ìlú kò bá gbọ́ ọ, kó sì yé wọn.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ilé. Lẹ́yìn tí wọ́n da ìdọ̀tí olóró láti Ítálì sí ìlú Koko, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Ìpínlẹ̀ Delta lónìí, ni ìjọba ológun dá àjọ àyíká sílẹ̀ ní ọdún 1988. Ìjọba Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ló dá iléeṣẹ́ mínísítà àyíká sílẹ̀ ní ọdún 1999. Ìbánisọ̀rọ̀ ní mínísítà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá bíi Ọmọ́bọ́lá Johnson ní ọdún 2011 àti Bósún Tijani ní ọdún 2023 ti débẹ̀. Àjọ NiMet tó ń wo ojú ọjọ́ wà lábẹ́ mínísítà ọkọ̀ òfuurufú. Àjọ tó ń wo bí odò ṣe ń kún wà lábẹ́ mínísítà omi. Kí ìkìlọ̀ kan tó ti ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí dé etí ìyá alátà tó ń gbé létí odò, ó ti gba ọwọ́ mélòó kọjá?

Àwa ará Jos kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń ròyìn omíyalé fún. Alẹ́ ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2012 kò tíì kúrò lọ́kàn wa. Òjò ńlá rọ̀, ìdídò Lamingo kún àkúnya, omi sì ya wọ ilé àwọn èèyàn. Èèyàn tó lé ní 30 kú. Lẹ́yìn ìyẹn, ní ọdún 2022, omi pa èèyàn tó lé ní 600 ní Nàìjíríà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ìdídò Alau já ní Maiduguri. Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2025, omi gbé èèyàn tó lé ní 150 lọ ní Mokwa. Nínú gbogbo rẹ̀, omi kò béèrè ìwé ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Onílẹ̀ àti àlejò, ó gbé wọn pọ̀ ni.

Ní ìpàdé wa kan, a béèrè pé ta ló gbọ́ ìkìlọ̀ òjò lọ́dún náà. Àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan na ọwọ́. Wọ́n ní àwọn rí i lórí fóònù, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ìyá kan tó na ọwọ́. Hausa tí àwọn ìyá wa gbọ́ jẹ́ Hausa ọjà: eélòó ni, gbà á, fi kún un. Hausa yẹn kò tó láti fi gbọ́ ìròyìn ìdídò. Ibẹ̀ ni bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀.

Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ wa, tí a sì ń bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, kí àwọn tó ń rí sí àyíká àti àwọn tó ń rí sí ìròyìn jókòó pọ̀ lórí tábìlì kan. Kí ìkìlọ̀ náà jáde lórí rédíò ní èdè àwọn onílẹ̀ àti ní Hausa, kó sì tún jáde ní Yorùbá, ní Igbo àti ní èdè gbogbo àwọn tó ń san owó orí níhìn-ín. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré lóòjọ́ ti tó.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Bí a ṣe ń bẹ ìjọba, kí a ṣe tiwa. Kí ẹgbẹ́ ìlú kọ̀ọ̀kan, ìbáà jẹ́ ti Ògbómọ̀ṣọ́, ti Ọ̀fà, ti Ìlọrin tàbí ibòmíràn, yan ọ̀dọ́ méjì tí yóò máa ṣe akéde. Kí wọ́n máa ka ìkìlọ̀ ojú ọjọ́, kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì fi ohùn ara wọn ránṣẹ́ lórí fóònù. Kí àwọn lémọ́ọ̀mù àti pásítọ̀ wa kà á fún ìjọ. Kí a jọ mọ ibi gíga tí a ó sá lọ bí omi bá dé lóru, kí á má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ọ̀nà nínú òkùnkùn.

Paríparí rẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Àwa náà wà lára àwọn tó ń da ọ̀rá sí gọ́tà. Àwa náà ń retí òjò kó gbé pàǹtí wa lọ sí Dilimi, bí ẹni pé kò sí ọmọ ẹlòmíràn nísàlẹ̀ odò. Ibi tí a ti ń jẹ, tí a bímọ sí, tí a sin òbí wa sí, kò yẹ ká máa pè é ní ìlú onílùú nígbà tó bá kan gbígbá ojúde. Ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú gọ́tà, kí olówó rẹ̀ mọ gọ́tà náà bí ẹni mọ dúkìá rẹ̀.

Ire o. Omi kò ní í gbé wa lọ, a ó sì rí ara wa lọ́dún tó ń bọ̀. Àṣẹ.