Ọ̀pẹ Kan Náà, Ìkórè Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Nàìjíríà àti Màlésíà



Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í yé sọ níbi tí ènìyàn mẹ́ta bá ti jókòó tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìlú: "Ọ̀dọ̀ wa ni àwọn ará Màlésíà ti wá gba èkùrọ́ nígbà tí a gba òmìnira tán. Ẹ wò wọ́n lónìí!" A ó wí bẹ́ẹ̀, a ó mi orí, a ó sì gba ilé wa lọ. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lọ́sẹ̀ yìí, nítorí pé kò rí bẹ́ẹ̀ tán, ibi tí kò sì ti rí bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà.

Òótọ́ ni pé Áfíríkà ni ọ̀pẹ ti ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún 1848 ni àwọn Òyìnbó ará Họ́láǹdì ti gbin ọ̀pẹ mẹ́rin sí ọgbà kan ní ìlú Bogor, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Indonésíà lónìí. Ìran àwọn igi mẹ́rin yẹn ló dé Màlésíà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín fún títà ní 1917. Nígbà tí wọ́n gba òmìnira ní 1957, tí àwa gba tiwa ní 1960, ọ̀pẹ ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Síbẹ̀, àwa ni ọ̀gá nígbà náà: kò sí orílẹ̀-èdè tó ń ta epo pupa sókè òkun tó Nàìjíríà. Lóòótọ́, àwọn onímọ̀ wọn wá sí ilẹ̀ wa ní 1973 láti ṣa oríṣiríṣi ẹyìn tí wọn yóò fi tún irú tiwọn ṣe. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó wá, wọ́n ti kọjá wa.

Kí ni wọ́n wá ṣe? Ní 1956, ìjọba wọn dá àjọ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní FELDA. Wọ́n ṣán igbó, wọ́n kó àwọn tálákà tí kò ní ilẹ̀ lọ síbẹ̀, wọ́n sì fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí éékà mẹ́wàá. Rọ́bà ni wọ́n kọ́kọ́ gbìn, ọ̀pẹ tẹ̀ lé e. Díẹ̀díẹ̀ ni àgbẹ̀ ń san gbèsè rẹ̀ nínú ohun tó bá tà. Nígbà tí wọ́n rí i pé ọ̀pẹ wọn kì í so dáadáa, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbọn lẹ́búlẹ́bú òdòdó akọ sára abo, títí wọ́n fi lọ kó kòkòrò kékeré kan tó ń ṣe iṣẹ́ náà wá láti Kamẹrúùnù ní 1981. Irú kòkòrò yẹn ń ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ọ̀pẹ tiwa láti ayébáyé.

Ọdún 1956 yẹn kan náà ni wọ́n rí epo rọ̀bì ní Oloibiri. Nígbà tí owó rẹ̀ dé, a ju àdá sílẹ̀. Màlésíà náà ní epo rọ̀bì, wọ́n sì dá ilé iṣẹ́ Petronas sílẹ̀ ní 1974, ṣùgbọ́n wọn kò torí ìyẹn kúrò ní ìdí ọ̀pẹ. Lónìí, àwa là ń ra epo pupa lọ́wọ́ ará ìta.

Ẹnìkan lè sọ pé ogun ló bà wá jẹ́, láti 1967 sí 1970. Òótọ́ ni pé ogun jà wá. Àwọn náà rí ìjà ẹ̀yà tó ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní 1969. Ẹ má sì rò pé màlékà ni wọ́n: owó ìlú tí wọ́n jí nínú àpò 1MDB pọ̀ kọjá sísọ. Ṣùgbọ́n Najib Razak tó jẹ́ olórí ìjọba wọn tẹ́lẹ̀ wọ ẹ̀wọ̀n ní 2022 lórí ọ̀rọ̀ owó náà. Olè wà níbẹ̀, amáànà náà sì ní ẹni tó ń bèèrè rẹ̀.

Ní 2023, tí a bá pín ọrọ̀ ajé Màlésíà kan ènìyàn kọ̀ọ̀kan, ó ju 11,000 dọ́là lọ. Tiwa kéré sí ìyẹn gan-an. Ẹ lè ní kí ni ìyẹn kàn yín. Ẹ rántí Hájì 2024: ẹni tó ti san mílíọ̀nù mẹ́rin ó lé náírà gbọ́ ní oṣù kẹta pé kí òun fi ohun tó lé ní mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún kún un, torí pé náírà ti wó. Ẹni tí kò rí i san jókòó sílé.

Ní Màlésíà, ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Ungku Aziz rí i pé àwọn ará oko ń ta ilẹ̀ àti màlúù kí wọ́n tó lè lọ sí Mẹ́kà, tí wọ́n bá sì dé, òṣì ló ń dúró dè wọ́n. Ó dá àbá ní 1959, àpò ìfowópamọ́ Hájì sì bẹ̀rẹ̀ ní 1963. Wọn kì í fi owó náà gba èlé. Òwò ni wọ́n ń fi ṣe, oko ọ̀pẹ sì wà lára rẹ̀. Ọ̀pẹ tí ó ti ọ̀dọ̀ wa lọ ló ń bá wọn san owó Hájì! Àwa náà bẹ̀rẹ̀ irú ètò ìfowópamọ́ bẹ́ẹ̀ ní 2020. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ ka iye ọdún tó wà láàárín.

Ohun tí mò ń sọ kò ju èyí lọ: èkùrọ́ kọ́ ló sọ wọ́n di olówó. Sùúrù ni, àti pípa owó mọ́, àti bíbèèrè amáànà lọ́wọ́ ẹni tó wà ní ìdí rẹ̀. Kò sí ẹni tó gba ìwọ̀nyí lọ́wọ́ wa. Ànábì Yúsúfù kò sọ fún ọba Íjíbítì pé kí ó máa ṣọ̀fọ̀ ọ̀dá tó ń bọ̀. Ó ní kí wọ́n gbìn fún ọdún méje, kí wọ́n sì fi pamọ́. Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Nítorí náà, ìwọ tí o ń ka èyí, ta ni ó ń ṣírò owó àjọ ẹgbẹ́ àdúrà yín? Ìgbà wo ni ẹ bèèrè ìwé owó mọ́sálásí yín kẹ́yìn? Ilẹ̀ bàbá rẹ tó wà lóko, kí ló wà lórí rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dáhùn ìwọ̀nyí kí a tó tún sọ ìtàn èkùrọ́ fún ọmọ wa.

Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe ẹni tí yóò tún ilẹ̀ rẹ̀ ṣe. Àmín.