Ẹ Má So Sìnyáàlì Mọ́ Ọmọ Lọ́rùn Nínú Ilé

Ẹ̀yin tí ẹ ń ti oko bọ̀, tí ẹ ń ti ọjà bọ̀, tí ẹ tún ń jókòó ní alẹ́ láti kọ́ ìwé, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí le díẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹni tó bá fẹ́ràn ẹni ni í sọ òótọ́ fún ni.

Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pákó kékeré kan wà tí wọ́n fi okùn sí. Sìnyáàlì ni a ń pè é. Ọmọ tó bá sọ Nàgó nínú ọgbà ilé ìwé, wọn a so ó mọ́ ọn lọ́rùn. Kò ní bọ́ ọ títí yóò fi gbọ́ kí ọmọ mìíràn sọ èdè ìyá rẹ̀, kí ó lè gbé e fún un. Ẹni tí ó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí ilé ìwé bá fẹ́ parí, ẹgba ni yóò jẹ.

Wọ́n so ó mọ́ èmi náà lọ́rùn rí. Kí ni mo sọ? Mo rí ejò nínú koríko, mo sì ké sí ọ̀rẹ́ mi pé, “Ejò! Sá!” N kò tíì mọ orúkọ ejò ní Fàràǹsé nígbà náà. Ọ̀rẹ́ mi sá, ejò kò bù ú jẹ. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n nà mí nítorí ọ̀rọ̀ méjì tí mo fi gba ọmọ ẹlẹ́gbẹ́ mi là.

Kí ẹ tó bú olùkọ́ náà, ẹ gbọ́ èyí: ọmọ Nàgó bíi tiwa ni. Wọ́n ti so ó mọ́ òun náà lọ́rùn nígbà èwe rẹ̀. Níbo ni nǹkan yìí ti wá?

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, ìjọba Fàràǹsé àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé kan ní ìlú Parísì. Wọ́n fa ìlà, ìlà náà sì gba àárín ilẹ̀ wa kọjá. Ìpókíá bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìfọ̀nyìn, Sakẹ́tẹ́, Pobẹ̀ àti Kétu bọ́ sọ́wọ́ Fàràǹsé. Ìmẹ̀kọ, tí í ṣe ti Kétu láti ìbẹ̀rẹ̀, bọ́ sí òdìkejì. Kò sí ọba wa kan tó jókòó níbẹ̀. Títí di òní, ẹni tó bá kúrò ní Ìgòló tó fẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìdí Ìrókò, ààlà ni yóò kọ́kọ́ kọjá.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n gba owó orí lọ́wọ́ wa. Wọ́n fi ipá kó àwọn èèyàn ṣiṣẹ́ ọ̀nà. Ọdún 1946 ni òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òpin sí iṣẹ́ àfipáṣe yìí. Nígbà ogun ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1914, wọ́n ń kó àwọn ọ̀dọ́ lọ ṣe sójà. Àwọn ará Ọ̀họ̀rí kọ̀, wọ́n dìde ogun sí Fàràǹsé. Ọ̀pọ̀ èèyàn mìíràn di ẹrù wọn lóru, wọ́n sá kọjá ààlà. Àwọn baba wa kò dákẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé wọ́n dákẹ́.

Ìjọba Fàràǹsé wá rí i pé ìbọn nìkan kò tó. Ní ọdún 1924, ìjọba wọn tó wà ní Dàkár ṣe òfin pé Fàràǹsé nìkan ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ nílé ìwé. Olùkọ́ kò gbọ́dọ̀ fi èdè ilé bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ìbọn ń mú ara, ṣùgbọ́n òfin yìí mú ahọ́n. Ọmọ tí a bá nà nítorí èdè ìyá rẹ̀, ìtìjú ìyá rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kọ́.

Kì í ṣe àwa nìkan ni èyí dé bá. Ní Kánádà, ní etí òkun tó wà ní ìhà ìlà-oòrùn, ẹ̀yà kan wà tí à ń pè ní Mi'kmaq. Àwọn ló ni ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé. Wọ́n bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn àlàáfíà ní ọdún 1752, àti ní ọdún 1760 àti 1761. Òyìnbó kò pa àdéhùn mọ́. Láti ọdún 1930 títí di 1967, ilé ìwé kan wà ní Shubenacadie tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ wọn sí, jìnnà sí òbí. Ọmọ tó bá sọ èdè Mi'kmaq níbẹ̀, ìyà ni yóò jẹ. Ẹ ò rí i pé ẹgba kan náà ni?

Ṣùgbọ́n wọn kò parun. Wọ́n tọ́jú ìwé àdéhùn wọn, wọ́n sì gbé e lọ sí kóòtù. Ní ọdún 1999, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Kánádà gbà pé àdéhùn ọdún 1760 ṣì fún wọn ní ẹ̀tọ́ láti pẹja kí wọ́n sì tà á. Ní ọdún 2022, ìpínlẹ̀ Nova Scotia ṣe òfin pé èdè wọn ni èdè àkọ́kọ́ ilẹ̀ náà. Ẹni tó bá mú ohun tirẹ̀ dání kì í pòfo.

Ó wá ku tiwa. Òfin ńlá orílẹ̀-èdè Benin, ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990, sọ ní abala 11 pé gbogbo ẹ̀yà ló lómìnira láti sọ èdè wọn àti láti kọ ọ́ sílẹ̀. Òyìnbó ti lọ láti ọdún 1960. Ta ló wá ń so sìnyáàlì mọ́ ọmọ lọ́rùn lónìí?

Àwa ni. Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́. Mo ń gbọ́ ọ káàkiri Daagbé níbí: ìyá tí kò gbọ́ Fàràǹsé ju mẹ́rin márùn-ún lọ, òun ló ń jágbe mọ́ ọmọ pé kò gbọ́dọ̀ sọ Nàgó nínú ilé. Bàbá ń yangàn pé ọmọ òun kò gbọ́ èdè abúlé. Ohun tí òyìnbó fi ẹgba ṣe, àwa ń fi ọwọ́ ara wa ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹnìkan á ní, “Olùkọ́, Fàràǹsé ló ń fún ni lóúnjẹ.” Òótọ́ ni, Fàràǹsé ni mo fi gba ìwé ẹ̀rí mi, n kò sì kórìíra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ gbọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra bàtà tuntun, ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò gé sọnù?

Ẹlòmíràn á ní, “Nàgó kì í ṣe èdè ìwé.” Kí wá ni ẹ ń kà yìí? Ọdún 1859 ni ìwé ìròyìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní èdè yìí ní Abẹ́òkúta. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí àwọn kan ń fojú àbùkù wò, àjọ UNESCO kà á mọ́ ìṣúra gbogbo ayé ní ọdún 2001. Ẹ̀yin fúnra yín, nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ kíláàsì, kí ló jẹ́ kí ìwé tètè yé yín? Ọ̀rọ̀ tí ẹ ti mọ̀ lẹ́nu ni ẹ rí lórí pátákó.

Nítorí náà, nǹkan mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe. Ẹ máa bá ọmọ sọ Nàgó nínú ilé, kí ilé ìwé bá a sọ Fàràǹsé. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè ìtàn ìdílé, oríkì, ewé àti ààlà ilẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí, kò sí àwáwí mọ́. Ní ìpàdé òbí nílé ìwé, ẹ dìde, kí ẹ sọ pé a kò fẹ́ kí wọ́n na ọmọ kankan mọ́ nítorí èdè rẹ̀.

Ọmọ kan ti Kùtọ̀nú wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Kò gbọ́ Nàgó rárá. Bí ejò bá yọ nínú koríko, tí ìyá àgbà ké pé, “Ejò! Sá!”, kí ni ọmọ náà yóò ṣe? Yóò dúró, yóò máa wò ó lẹ́nu.

Ẹ bọ́ sìnyáàlì yẹn kúrò lọ́rùn ọmọ yín lónìí.