Jíjẹ, Dídà àti Gbígbà-sára: Ọ̀rọ̀ tí ó Yẹ fún Oúnjẹ Kọ̀ǹkọ̀ Ọ̀sìn

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ẹranko jẹ ni ara rẹ̀ ń rí lò. Olùtumọ̀ tí ó bá fi 'dídà oúnjẹ' nìkan sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láti ẹnu títí dé inú ẹ̀jẹ̀ ti bo òtítọ́ yìí mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Bùràsílì, níbi tí wọ́n ti ń sin kọ̀ǹkọ̀ tí a kó wá láti Amẹ́ríkà ti Àríwá ní nǹkan bí 1935. Nítorí pé ẹja gbígbẹ lílọ̀ wọ́n, ẹ̀wà sóyà àti àgbàdo ń gba àyè rẹ̀ nínú oúnjẹ wọn. Nígbà tí ọmọ kọ̀ǹkọ̀ ṣì ń lúwẹ̀ẹ́ bí ẹja, ìfun rẹ̀ gùn, ó sì ká, ohun tí ń hù nínú omi ni ó sì ń jẹ jù. Bí ó bá hu ẹsẹ̀ tán, ìfun náà a kúrú, a sì di ajẹran. Nítorí náà, irúgbìn tí àgbà kọ̀ǹkọ̀ gbé mì lè má ṣe é ní àǹfààní tó bí a ti rò. Ẹ̀wà sóyà tútù ní èròjà tí ń dí oje tí ń fọ́ purotíìnì lọ́wọ́, àfi bí a bá sè é tàbí yan án. Bákan náà, púpọ̀ nínú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì irúgbìn wà nínú ìdè fáítéètì, tí ẹranko tí kì í jẹ àpọ̀jẹ kò lè tú dáadáa.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó tọ́ sí i. 'Dídà' ni fífọ́ oúnjẹ sí wẹ́wẹ́ nínú ìfun. 'Gbígbà-sára' ni bí èròjà ṣe ń gba ara ìfun wọ inú ẹ̀jẹ̀. 'Ìwọ̀n dídà' ni apá èròjà tí a jẹ tí kò bá ìgbẹ́ jáde. Iṣẹ́ ni méjì àkọ́kọ́. Òǹkà ni ẹ̀kẹta.

Láti rí òǹkà yìí, àwọn onímọ̀ a máa po ìyẹ̀fun tí kì í dà, irú bíi kúrómíọ̀mù ọ́ksáìdì, mọ́ oúnjẹ. Bí ó bá jẹ́ 1 nínú 100 oúnjẹ gbígbẹ, tí ó sì di 4 nínú 100 ìgbẹ́ gbígbẹ, ìwọ̀n dídà oúnjẹ náà jẹ́ 75 nínú 100. Ṣùgbọ́n oje àti awọ ìfun tí ń bó pàápàá ń bá ìgbẹ́ jáde, wọ́n sì ń dín òǹkà náà kù. Ìdí nìyí tí 'ìwọ̀n dídà àfojúrí' fi yàtọ̀ sí 'ìwọ̀n dídà gidi'.

Àwọn kan lè yan 'ìdà' dípò 'dídà'. Àmọ́ bí atẹ̀wé bá ṣi àmì ohùn gbé, ó lè di 'idà' ti ogun tàbí 'ìdá' ti ìṣirò. Ẹlòmíràn lè ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta ti pọ̀ jù fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ohun tí ó ń da ọmọ láàmú ni ọ̀rọ̀ kan tí ń ru ẹrù mẹ́ta.

Ẹni tí ń sin ẹranko ni yóò san gbèsè àṣìlò yìí. Iye purotíìnì tí a kọ sára àpò ni yóò kà, yóò sì rò pé gbogbo rẹ̀ ni ẹran ọ̀sìn òun yóò fi dàgbà.