Olúkúlùkù Ló Ní Èèwọ̀ Tirẹ̀: Oúnjẹ, Òtútù àti Ìrora Ara



Nígbà ọyẹ́, àwọn tí ìrora ara ń gbé wá sí iwájú ọpọ́n Ifá mi máa ń pọ̀ sí i, obìnrin ni púpọ̀ wọn. Èjìká ń ro wọ́n, ẹ̀yìn ń ro wọ́n, itan ń ro wọ́n. Wọ́n á sùn títí ilẹ̀ á fi mọ́, síbẹ̀ á rẹ̀ wọ́n bí ẹni tó roko mọ́jú. Wọ́n ti ya fọ́tò egungun, wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kò sí ohun tó hàn. Ará ilé a ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Aládùúgbò a ní ayé ló ń bá wọn jà.

Àìsàn kan wà tí àwọn oníṣègùn ń pè ní fibromyalgia, tí ó máa ń ṣe báyìí. Kì í ba oríkèé jẹ́. Ọpọlọ àti okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn ni ó ń gbé ìrora ga ju bó ti yẹ lọ, bí rédíò tí a yí ohùn rẹ̀ sókè jù. Ìdí nìyí tí fọ́tò kò fi lè rí i. Bí ìrora káàkiri ara bá ti tó oṣù 3, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ yín wò, nítorí àìsàn mìíràn lè jọ ọ́.

Nígbà tí mo ń kọ́ Ifá lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, wọ́n kọ́ mi pé olúkúlùkù ló ní èèwọ̀ tirẹ̀. Ọmọ Ọbàtálá kì í mu ẹmu, bẹ́ẹ̀ ẹmu ni a fi ń bọ Ògún. Ẹni tí a tẹ̀ ní Ifá a máa pa èèwọ̀ tí odù rẹ̀ kà fún un mọ́. Kì í gba ti ẹnìkejì rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn oúnjẹ nínú àìsàn yìí. Kò tíì sí oúnjẹ kan tí ìwádìí fi hàn pé ó ń wo gbogbo wọn sàn, kò sì sí èyí tí ó ń pa gbogbo wọn lára. Síbẹ̀ àwọn awo kan ń ka ẹran, ẹ̀wà, epo àti ata léèwọ̀ fún gbogbo ẹni tí ara ń ro. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ẹni tí oorun kò tó, tí a tún fi ebi dè, agbára wo ni yóò fi rìn? Eré ìmárale díẹ̀díẹ̀ sì ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù fọwọ́ sí jù lọ nínú ìmọ̀ràn wọn ti 2016.

Òtútù náà rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ní òtútù ń dá kún ìrora àwọn; àwọn ọmọ wa tí ń gbé ìlú London lè jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n ooru ni ó ń yọ ẹlòmíràn lẹ́nu. Àwọn tó fi ojú ọjọ́ wé ìrora kò rí òfin kan tí ó kan gbogbo ènìyàn.

Nítorí náà, ẹ di awo ara yín. Fún oṣù kan, ẹ máa kọ ohun tí ẹ jẹ, bí ẹ ti sùn, bí ojú ọjọ́ ti rí àti bí ìrora ti tó. Bí ẹ bá fura sí oúnjẹ kan, òun nìkan ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ẹ sì tún tọ́ ọ wò. Bí òtútù bá jẹ́ ọ̀tá yín, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wẹ̀ ní òwúrọ̀ ọyẹ́, kí ẹ wọ aṣọ tó nípọn. Ẹ yẹra fún àgbo tí a fi ọtí rẹ, nítorí ọtí ń da oorun rú. Kí dókítà yín sì mọ gbogbo àgbo tí ẹ ń mu.

Ẹbọ ní àyè tirẹ̀, èmi náà ń rú u. Ṣùgbọ́n awo tí ó gba owó ẹbọ, tí ó wá nàka sí ìyá ọkọ tàbí orogún pé òun ló ń fa ìrora, ti dá ogun sílẹ̀ nínú ilé tí wọ́n ní kó wá tù.

Kí Ifá jẹ́ kí ara tù wá. Àṣẹ.