Ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì: Ọ̀nà kan ò wọ ọjà

Ní Ìtokú, l'Ábẹ́òkúta, obìnrin tó ń ta àdìrẹ ò nílò àlàyé púpọ̀ kí ọjà rẹ̀ tó tà. Aṣọ wà níwájú oníbàárà, á fọwọ́ kàn án, á nà án wò, á dá iye tirẹ̀, wọn á sì jọ ná an títí ọ̀rọ̀ á fi wọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí tó ṣeé ṣe fún ẹni tó wà ní Kánò tàbí Lọ́ńdọ̀nù. Ibi tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò kékeré ti ń ṣìnà gan-an nìyẹn. Wọ́n rò pé kí àwọn ya fọ́tò, kí àwọn gbé e sórí Instagram tàbí WhatsApp, ó parí.

Kò parí rárá. Iṣẹ́ tí ọwọ́ oníbàárà ń ṣe lọ́jà, ọ̀rọ̀ àti àwòrán ló gbọ́dọ̀ ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pá mélòó ni aṣọ náà? Ṣé òwú ni àbí sílíìkì? Ṣé aró ìbílẹ̀ ni wọ́n fi rẹ ẹ́ àbí ti òyìnbó? Ṣé ó ń ṣí, báwo ni wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́? Ti aládìrẹ tún wá le ju ti ẹlòmíì lọ, nítorí aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ àwòrán àdìrẹ sí láti ilẹ̀ Ṣáínà ti kún ọjà, lójú fọ́tò sì rèé, ó ṣòro láti dá méjèèjì mọ̀. Àwòrán ọwọ́ tó ń di ìko, tàbí ti aṣọ tó ń jáde nínú ìkòkò aró, á ta ọjà ju àwòrán ọmọge arẹwà mẹ́wàá lọ.

Ọ̀rọ̀ iye owó tún wà ńbẹ̀. Àwọn kan á pàtẹ ọjà, wọn á ní kí ẹni tó bá fẹ́ mọ iye rẹ̀ wá béèrè ní kọ̀rọ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 lórí ìdíje òwò àti ààbò oníbàárà sọ pé ẹni tó bá pàtẹ ọjà gbọ́dọ̀ fi iye rẹ̀ hàn. Ká tiẹ̀ yọ ti òfin kúrò, ọ̀pọ̀ oníbàárà ò ní béèrè, wọn á kàn kọjá lọ. Lóòótọ́, ẹ̀rù tó ń ba àwọn oníṣòwò kì í ṣe lásán, nítorí kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa aró òyìnbó ń wọ́n sí i bí dọ́là bá ti ń gòkè. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ṣe tí wọn ò lè kọ ọ́ síbẹ̀ pé iye yìí dúró di ọjọ́ báyìí?

Ibo wá ni kí ṣọ́ọ̀bù náà wà? Jumia àti Konga, tí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2012, dà bí ọjà ńlá: èrò ń bẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n onílé á gba tirẹ̀ nínú ohun tí wọ́n bá tà. Ti Instagram àti Facebook kò gba owó ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ ilẹ̀ onílẹ̀ náà ni. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de Twitter ní oṣù kẹfà ọdún 2021, oṣù kìíní ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí i padà. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún 2021 kan náà, Facebook, Instagram àti WhatsApp dákú papọ̀ fún bíi wákàtí mẹ́fà. Oníṣòwò tó kọ nọ́ńbà àwọn oníbàárà rẹ̀ sínú ìwé ṣì lè pè wọ́n lọ́jọ́ náà.

Ẹni tí kò tíì lè dá àwọn oníbàárà lóhùn lọ́jọ́ kan náà lórí WhatsApp, owó wẹ́bùsáìtì tirẹ̀ kò tíì yá. Nígbà tó bá sì yá, orúkọ ara rẹ̀ ni kó fi gba àdírẹ́sì wẹ́bùsáìtì náà, kì í ṣe orúkọ ọmọkùnrin tó bá a ṣe é. Ọjọ́ tí ìjà bá dé, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ló ni ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ̀rù ló wà láàárín àwọn méjèèjì nígbà tó bá kan owó. Oníbàárà ń bẹ̀rù pé wọn á gbówó òun sá lọ, oníṣòwò ń bẹ̀rù alẹ́ẹ̀tì èké. Ti alẹ́ẹ̀tì rọrùn: kó wo inú àkáǹtì kó tó gbé ọjà jáde, kó má wo mẹ́séèjì. Ti oníbàárà ló gba sùúrù. Tí òwò bá ní ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, tí àkáǹtì sì ń jẹ́ orúkọ òwò náà, ọkàn ẹni tó fẹ́ sanwó á balẹ̀ díẹ̀. Kí oníbàárà má san kọ́bọ̀ títí ọjà á fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, agbára ilé-iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Aṣọ tó lọ Port Harcourt, tí wọn ò gbà á, tó tún padà wálé, ó ti jẹ èrè aṣọ mìíràn.

Ọ̀pọ̀ ẹrù ṣì ń gba ọwọ́ dírẹ́bà ní gáréèjì lọ. Kò burú, bí oníṣòwò bá ya fọ́tò ẹrù náà, tó gba nọ́ńbà dírẹ́bà àti ti ọkọ̀, tó sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí oníbàárà lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó máa san owó ọkọ̀ bí aṣọ bá ní àbùkù tó fi padà wá, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.