Iṣẹ́ Wa, Orúkọ Wa

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó tó kí a sọ nísinsìnyí, kí ó má baà di àbámọ̀ fún wa lọ́jọ́ iwájú. Àwọn ọ̀dọ́ inú àwọn ẹgbẹ́ wa ti rí ọ̀nà tí wọn fi ń ṣe áàpù orí fóònù láìkọ kóòdù kankan. Òmíràn nínú wọn fẹ́ ṣe èyí tí yóò kọ́ ọmọdé ní a-b-d. Òmíràn fẹ́ kó òwe jọ. Òmíràn fẹ́ fi oríkì ìlú rẹ̀ sí i, kí ọmọ tí a bí sí London tàbí Houston lè máa gbọ́ ọ. A yìn wọ́n fún èyí. Ṣùgbọ́n ṣíṣe áàpù jẹ́ ohun kan, gbígbé e síta fún aráyé jẹ́ ohun mìíràn, ibi gbígbé e síta yìí ni ẹgbẹ́ sì ti lè pàdánù iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ láìmọ̀. Èrò wa ni pé ẹgbẹ́ Yorùbá kankan kò gbọdọ̀ gbé áàpù rẹ̀ jáde ní orúkọ ẹlòmíràn, ìbáà ṣe orúkọ oníṣòwò, ìbáà ṣe orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo.

Kí a kọ́kọ́ dá àwọn tí ń fi iṣẹ́ yìí ṣe yẹ̀yẹ́ lóhùn. Wọ́n ní ẹni tí kò lè kọ kóòdù kì í ṣe oníṣẹ́ gidi. Ọ̀rọ̀ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tí ń fi ẹ̀rọ rán aṣọ kò rọ irin abẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ń tẹ̀wé kò ṣe tákàdá. Ní 2010 ni ilé-iṣẹ́ Google ṣí ohun-èlò tí ń jẹ́ App Inventor fún gbogbo ènìyàn, iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Hal Abelson ṣe olórí rẹ̀. Nígbà tí Google sì pa á tì ní ìparí 2011, ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà gbà á, wọ́n sì tún un ṣí ní 2012. Ọ̀fẹ́ ni títí di òní. Ẹni tí ń lò ó a máa to àwọn àṣẹ léra bí ẹni ń to bíríkì, títí áàpù rẹ̀ yóò fi dúró. Thunkable, Adalo àti FlutterFlow náà ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, olúkúlùkù ní ọ̀nà tirẹ̀. Irinṣẹ́ ni gbogbo wọn. Ohun tí a fi sínú áàpù ni yóò sọ bóyá iṣẹ́ wa níyì tàbí kò níyì.

Ẹnubodè méjì pàtàkì ni áàpù ń gbà dé ọwọ́ aráyé. Ilé ìtajà Apple, tí a ń pè ní App Store, ṣí ní oṣù Keje 2008. Ti Google ṣí ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, a sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Google Play ní 2012. Oníbodè ni àwọn méjèèjì, bí àwọn tí ń jókòó sí ẹnubodè ìlú wa láyé àtijọ́ láti gba owó-bodè. Google ń gba dọ́là 25 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ máa gbé áàpù jáde. Apple ń gba dọ́là 99 lọ́dọọdún. Bí ọdún bá sì yí po tí a kò san án, áàpù wa yóò kúrò lórí àtẹ. Wọn a tún máa béèrè ìwé tí ó sọ irú dátà tí áàpù ń gbà lọ́wọ́ àwọn tí ń lò ó, àti ohun tí a ń fi dátà náà ṣe. Láti 2022 ni Apple sì ti sọ ọ́ di dandan pé áàpù tí ó bá gba ènìyàn láàyè láti ṣí àkáǹtì gbọ́dọ̀ gbà á láàyè láti pa á rẹ́ pẹ̀lú.

Nítorí ìnira wọ̀nyí ni àwọn alágbàtà ṣe yọjú. Wọn a ní, “Ẹ kó iṣẹ́ yín wá, àwa yóò gbé e síta lórí àkáǹtì tiwa, ẹ kò ní ṣe wàhálà kankan.” Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni àkáǹtì ni ó ní àṣẹ lórí áàpù: òun ni ó lè yí i padà, òun ni ó lè fi ìpolówó ọjà sí i lára, òun ni ó sì lè mú un kúrò lọ́jọ́ tí ó bá wù ú. Àwọn bàbá wa ti wí pé àgbàbọ̀ ṣòkòtò, bí kò ṣo ni lẹ́sẹ̀, a fún ni nítan. Rẹ́gírẹ́gí ni ohun ẹni ń bá ni mu. Òfin Apple pàápàá wà lẹ́yìn wa nínú ọ̀ràn yìí: ó ní áàpù tí a bá fi àwòṣe ọlọ́jà tàbí ẹ̀rọ aṣáàpù ṣe, ẹni tí ó ni ohun inú rẹ̀ gan-an ni kí ó mú un wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ a ó kọ̀ ọ́. Oníbodè gan-an ni ó ń sọ fún wa pé kí olóko fúnra rẹ̀ ru ìkórè rẹ̀ wá sọ́jà.

Ìtàn ilẹ̀ wa ti kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ irú èyí rí. Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́ parí ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá ní 1897. A fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọnù sọ́hùn-ún. Johnson kú ní 1901, kò fojú rí i ní títẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, tí ó sì tún gbogbo rẹ̀ kọ. Nígbà tí ó fi í ránṣẹ́ ní 1916, ogun ń jà, àwọn Jámánì sì gba ọkọ̀ Appam tí ó gbé e lójú òkun. Ní 1921 ni ìwé náà tó jáde, Obadiah alára sì ti kú ní 1920. Ọdún 24 ni ó wà láàárín ìgbà tí iṣẹ́ parí àti ìgbà tí a rí i kà! Ẹ jẹ́ kí a béèrè lọ́wọ́ ara wa: kí ni ó gba ìwé yìí lọ́wọ́ ìparun? Àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù nílé ni. Bí kò bá sí wọn, ìwé tí ó sọnù lọ́wọ́ òǹtẹ̀wé ì bá di ohun ìgbàgbé pátápátá.

Ẹ̀kọ́ náà bá ti òde òní mu. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń yá wa ní ohun-èlò ṣíṣe áàpù lè pa á dé nígbàkúgbà. Google ní ọ̀kan tí ń jẹ́ App Maker. Ní oṣù Kìíní 2021 ni wọ́n pa á dé, àwọn tí ó ti fi í ṣe áàpù sì ní láti lọ tún iṣẹ́ wọn ṣe níbòmíràn. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tọ́jú gbogbo ohun tí ó fi sínú áàpù rẹ̀ sí ọwọ́ ara rẹ̀: ọ̀rọ̀ tí a kọ, ohùn tí a gbà sílẹ̀, àwòrán tí a yà. Kí a sì yan irinṣẹ́ tí yóò jẹ́ kí a mú iṣẹ́ wa jáde, bí App Inventor ti ń jẹ́ kí a gba fáìlì iṣẹ́ wa sórí kọ̀ǹpútà, tàbí bí FlutterFlow ti ń jẹ́ kí ẹni tí ó sanwó gba kóòdù rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ìbuwọ́lù kan sì tún wà, tí Google fi ń mọ̀ pé áàpù tuntun tí a mú wá ti ọwọ́ ẹni tí ó mú ti àná wá. Bí ó bá sọnù, ẹni tí ó ni àkáǹtì nìkan ni ó lè béèrè pé kí a pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ àkáǹtì ni a tún padà sí.

Níti ọmọ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ńkọ́? Ó wọ́pọ̀ láàárín wa pé ọ̀dọ́ kan tí ó mọ̀ nípa fóònù ni yóò fi í-meèlì ara rẹ̀ ṣí àkáǹtì, tí yóò fi káàdì ara rẹ̀ sanwó, tí gbogbo ẹgbẹ́ yóò sì máa pàtẹ́wọ́ fún un. Kò sí ìwà ibi nínú èyí. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ náà lè rin ìrìn-àjò, ó lè bá ẹgbẹ́ jà, ó lè gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Ikú kò sì mọ ọmọdé. Orúkọ tirẹ̀ ni App Store yóò kọ sí abẹ́ áàpù náà, ti ẹgbẹ́ kò ní sí níbẹ̀. Ọ̀nà tí ó tọ́ ni kí ẹgbẹ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC ní Nàìjíríà, kí ó gba nọ́ńbà D-U-N-S tí ilé-iṣẹ́ Dun & Bradstreet ń fún àwọn ilé-iṣẹ́ àti àjọ káàkiri ayé, kí ó sì ṣí àkáǹtì ní orúkọ ara rẹ̀. Apple àti Google ni ó ń béèrè nọ́ńbà yìí. Kí í-meèlì jẹ́ ti ẹgbẹ́, kí akọ̀wé àti akápò jọ tọ́jú páásíwọ́ọ̀dù bí a ti ń tọ́jú ìwé báǹkì, kí a sì máa fà á lé àwọn olóyè tuntun lọ́wọ́.

A mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ kan yóò ṣì fi orúkọ ara wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tiwọn, a kò sì gbọdọ̀ fi wọ́n sílẹ̀. Láti oṣù Kọkànlá 2023 ni Google ti pa á láṣẹ pé ẹni tí ó bá ṣí àkáǹtì tuntun ní orúkọ ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí àwọn ènìyàn tí yóò dán áàpù rẹ̀ wò fún ọjọ́ 14 léraléra kí ó tó gbé e síta. Ènìyàn 20 ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Ní oṣù Kejìlá 2024 wọ́n dín in kù sí 12. Nítorí àìrí ènìyàn 12, àwọn kan ń fi owó bẹ àjèjì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìtìjú ni èyí jẹ́ fún ìran tí ó mọ àáró àti ọ̀wẹ̀! Ẹgbẹ́ wo nínú wa ni kò lè pe ènìyàn 12 jọ? Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yan àwọn tí yóò máa ṣe ọ̀wẹ̀ yìí fún ọ̀dọ́ rẹ̀, kí àgbàlagbà sì wà láàárín wọn. Òfin náà kò de àkáǹtì ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n a ní kí ẹgbẹ́ pẹ̀lú máa ṣe ìdánwò náà, nítorí ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Iṣẹ́ tí àgbà yóò ṣe níbẹ̀ kò kéré. Áàpù tí ó bá kọ “oko” tàbí “ọkọ” láìsí àmì ti ṣi ọmọdé lọ́nà, nítorí ọkọ obìnrin kì í ṣe ọkọ́ àgbẹ̀, ọkọ́ àgbẹ̀ kì í sì í ṣe ọkọ̀ ojú omi. Lẹ́tà wa bí ẹ́ àti ọ̀ kò ní ààyè kan ṣoṣo ti ara wọn nínú ètò lẹ́tà kọ̀ǹpútà. Àmì ohùn ni a ń gbé lé lẹ́tà alámì ìsàlẹ̀ lórí, fọ́ǹtì tí kò bá mọ iṣẹ́ yìí a sì máa fọ́n àmì náà kiri. Kí ẹni tí ń ṣe áàpù yan fọ́ǹtì tí ó gbé e dáadáa, bí Noto tí ó wà lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó sì yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Orúkọ áàpù kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 30 lọ. Kí a fi ọgbọ́n yàn án, kí a sì sọ ọ́ ní Yorùbá. Ilé ni a ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.

Àwọn kan yóò sọ pé owó náà pọ̀. Kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Google, nítorí fóònù Android ni ó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa nílé, dọ́là 25 náà kò sì ní padà wá lọ́dún tí ń bọ̀. Àwọn ẹ̀ka wa ní Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà, níbi tí iPhone ti wọ́pọ̀, ni a bẹ̀ pé kí wọ́n gbé dọ́là 99 ti Apple sọ́rùn. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Nítorí náà, ní ìpàdé tí ń bọ̀, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan béèrè nǹkan mẹ́ta: orúkọ ta ni ó wà lórí àkáǹtì wa? Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà? Níbo ni a tọ́jú àkọsílẹ̀ wa sí? Ẹ̀ka tí kò bá rí ìdáhùn sí ọ̀kan nínú wọn, kí ó má tíì gbé ohunkóhun síta. Kí ó kọ́kọ́ tún ilé ṣe. Kí Olódùmarè fún wa ní ọgbọ́n àti ìṣọ̀kan láti ṣe é.