Ẹ Bi Mẹ́ruwà Léèrè

Ní ìlú Kàdúná, bí omi ẹ̀rọ bá dá ní Kakuri tàbí Sabon Tasha, ọmọlanke mẹ́ruwà ni ìrọ̀rùn ìdílé. Òun ni kì í jẹ́ kí abiyamọ tí ń lọ sí ibi iṣẹ́ àti ọmọ tí ń lọ sí ilé-ìwé kọ́kọ́ tò sí ìdí kànga.

Omi kò lọ́tàá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí inú rẹ̀ ni ọ̀tá ẹni tí ń mu ún. Ní ọdún 2021, àrùn onígbáméjì pa ènìyàn tí ó lé ní 3,500 ní Nàìjíríà. Nítorí náà, kí olúkúlùkù ìdílé béèrè ibi tí mẹ́ruwà ti pọn omi, kí wọn sì se èyí tí wọn yóò mu. Kí ìjọba pẹ̀lú má ṣe fi iṣẹ́ omi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún ọlọ́mọlanke.